Kámẹ́rà Kejì fún Ọ̀nà Chitral

Ọjọ́ tí Sarmad mú Nayyara lọ sí ọjà Saddar ní Rawalpindi, òrùka ni gbogbo ẹbí rò pé wọ́n ń lọ yàn. Àǹtí Tasneem, àbúrò bàbá Sarmad tó ń ṣe alárinà wọn, tẹ̀lé wọn kí ẹnu ayé má baà kan ọmọbìnrin náà, ó sì ti yan alágbẹ̀dẹ wúrà tí wọn yóò yà sí lọ́kàn ara rẹ̀. Nígbà tí Sarmad kọjá níwájú gbogbo àwọn alágbẹ̀dẹ náà láìwo ẹ̀gbẹ́, tí ó sì mú wọn gun àtẹ̀gùn tóóró kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkámẹ́rà, Àǹtí dúró láàrin àtẹ̀gùn, ó mí kanlẹ̀, ó sì bi Nayyara bóyá lẹ́ǹsì ni wọ́n fẹ́ fi sí i níka dípò òrùka.

Nayyara rẹ́rìn-ín. Ó mọ ohun tí wọ́n wá rà, inú rẹ̀ sì dùn sí i ju wúrà lọ.

Sarmad ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan tó ń tẹ ìwé ní Lahore. Ìwé àwòrán ni wọ́n fẹ́ ṣe lórí àwọn ilé àtijọ́ tó wà lójú ọ̀nà láti Chitral, gba orí òkè Shandur bọ́ sí Gilgit, títí dé Khunjerab ní ẹnubodè Ṣáínà. Ìrìnàjò náà yóò gba gbogbo ìgbà ooru. Lẹ́yìn Chitral, kò sí ẹni tó ń tún kámẹ́rà ṣe. Eruku ń wọ inú ohun gbogbo, jíìpù ń gbọn ẹrù àti ènìyàn pọ̀, òtútù sì ń pa bátìrì. Oníṣẹ́ tó bá gbé kámẹ́rà kan ṣoṣo lọ síbẹ̀, bí ìyẹn bá kú, ó di èrò ọkọ̀ lásán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá ra bọ́dì kejì: kámẹ́rà fúnra rẹ̀, láìsí lẹ́ǹsì, nítorí lẹ́ǹsì tí Sarmad ní ti tó.

Ìdí mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ síta. Inú ilé ni ìwé náà fẹ́: ààrò, iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe é. Ní gbogbo ojú ọ̀nà yẹn, ọkùnrin àlejò kì í kọjá yàrá àlejò. Obìnrin ni yóò di bọ́dì kejì mú, obìnrin kan ṣoṣo tó sì lè bá Sarmad rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láìsí ẹ̀gàn ni ìyàwó rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ó gba iṣẹ́ náà gan-an ni ó rán Àǹtí Tasneem wá tọrọ Nayyara, tí òun náà ń ya fọ́tò.

Alájì Ikram, tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, gbé bọ́dì méjì kalẹ̀ lórí aṣọ dúdú kan. Àkọ́kọ́ jẹ́ ìbejì ti Sarmad, dúdú, wúwo, tóbi. Èkejì kéré sí i, ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Bátìrì rẹ̀ kò jọ ti àkọ́kọ́, káàdì tí ń gba àwòrán sínú rẹ̀ náà kò jọ ọ́.

Sarmad kò tilẹ̀ fọwọ́ kan èyí tó kéré. “Èyí ni,” ó wí. “Bátìrì kan náà, lẹ́ǹsì kan náà, káàdì kan náà. Bí ọ̀kan bá kú, a ó máa fi tirẹ̀ bọ́ èkejì.”

Alájì Ikram gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá gbé oríṣi kámẹ́rà méjì lọ sí irú ọ̀nà yẹn dà bí ẹni tó gbé ìyàwó méjì lọ, oúnjẹ ọ̀tọ̀ ni yóò máa sè fún oníkálukú wọn. Àǹtí Tasneem dá a lóhùn láti orí àga rẹ̀ pé kò sí ẹni tó ń dárúkọ ìyàwó méjì níbí o, kí ó máa ta ọjà rẹ̀.

Òtítọ́ ni gbogbo ohun tí àwọn ọkùnrin náà sọ, Nayyara sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó gbé èyí tó kéré. Ìka rẹ̀ dé gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́: ìró tó jáde kò ju ìgbà tí èékánná kan aṣọ lọ. Ó ronú nípa àwọn yàrá tí ó ti ṣiṣẹ́ rí, ọmọ tuntun tó ń sùn, ìyá àgbà tó ń kírun ní igun. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun fẹ́ béèrè.

“Bí a bá dé ibi tí a máa sùn ní ìrọ̀lẹ́, ta ni yóò máa gbé káàdì mi sínú kọ̀ǹpútà?”

“Èmi ni,” Sarmad dáhùn, kò gbójú sókè. “Èmi ni mo mọ bí mo ṣe ń tò ó.”

Nayyara dá kámẹ́rà kékeré náà padà sórí aṣọ dúdú. Ó ní ara òun kò fi bẹ́ẹ̀ yá, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa lọ. Nínú ọkọ̀ tí ó gbé wọn padà, Àǹtí Tasneem sọ fún un ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé bí ó bá jẹ́ pé dúdú náà ni kò wù ú, wọ́n lè bá a wá aláwọ̀ mìíràn.

Sarmad àti Nayyara kò tíì rí ojú ara wọn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ń gba àwọn méjèèjì síṣẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó. Sarmad ń ya apá àwọn ọkùnrin, Nayyara ń ya apá àwọn obìnrin tó wà ní ẹ̀há, aṣọ àgọ́ sì wà láàrin. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bátìrì iná kámẹ́rà Nayyara kú bí wọ́n ṣe fẹ́ mú ìyàwó wọlé. Ó fẹnu sí ibi tí aṣọ méjì ti pàdé, ó ní bí ẹnikẹ́ni tó ní bátìrì kékeré bá wà lódì kejì, kí ó ṣàánú òun. Ọwọ́ kan yọ. Àpá iná wà lẹ́yìn àtàǹpàkò rẹ̀, bátìrì sì wà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

“Ẹ wò ó bóyá ó bá tiyín mu,” ni ohùn ọkùnrin kan wí.

Ó bá a mu. Láti ọjọ́ náà, níbikíbi tí iṣẹ́ bá ti pa wọ́n pọ̀, wọn a máa rí ibi tí aṣọ méjì ti pàdé. Sarmad a máa ròyìn àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó tó ń jó bí ẹni tó tẹ iná mọ́lẹ̀. Nayyara a máa sọ fún un pé àwọn obìnrin ti jẹ ẹran tán, kí àwọn ọkùnrin má retí nǹkan kan. Ó mọ ọwọ́ náà àti ohùn náà kí ó tó mọ ojú. Nígbà tí ó wá mọ ojú, ó ti pẹ́ jù fún un láti mọ̀ bóyá ojú náà rẹwà.

Ṣùgbọ́n apá ti obìnrin ní ìlànà tirẹ̀, ìlànà náà ló sì sọ Nayyara di ẹni tí wọ́n ń wá. Nínú yàrá yẹn, ìborùn wà nílẹ̀, irun wà ní gbangba, àwọn obìnrin ń jó bí ẹni tí ọkùnrin kò sí láyé. Kò sí ọkùnrin tó gbọ́dọ̀ rí àwòrán wọn, yálà ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tàbí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Nayyara fúnra rẹ̀ ló ń yọ káàdì níwájú ìyá ìyàwó, òun fúnra rẹ̀ ló ń to àwòrán náà, òun ló ń gbé e padà fún wọn, lẹ́yìn náà ni yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ ìlànà náà sílẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Ìyá Nayyara, Ìyáàfin Farkhanda, jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì àti opó tó dá ọmọ rẹ̀ tọ́. Kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Sarmad láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Nayyara ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Saddar, ó ń gé ewébẹ̀ lọ, kò dá ọwọ́ dúró.

“Nígbà tí kò sí ìrìnàjò, kò mọ ojúlé wa,” ó wí. “Iṣẹ́ dé lónìí, ìfẹ́ dé lọ́la. Bí ìwé yẹn bá jẹ́ ìwé ẹran ọ̀sìn, màlúù ni ì bá rán Tasneem lọ tọrọ.”

“Màmá, a ti ń sọ̀rọ̀ kí iṣẹ́ tó dé.”

“Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Kò tọrọ rẹ. Wọ́n yàtọ̀ síra.”

Ìbéèrè kan náà ni Nayyara ń bi ara rẹ̀. Bóyá ọmọkùnrin náà fẹ́ ẹ, tí iṣẹ́ kàn fún un ní ìgboyà. Bóyá iṣẹ́ ló fẹ́, tí òun sì jẹ́ kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Bí ó bá rántí ọwọ́ tó yọ láàrin aṣọ, ó gba ti àkọ́kọ́. Bí ó bá rántí “Èmi ni mo mọ bí mo ṣe ń tò ó,” ó gba ti ìkejì.

Ní ilé Sarmad pàápàá, nǹkan kò rọrùn. Àǹtí Tasneem, tó ń lọ tó ń bọ̀ láàrin ilé méjèèjì, máa ń fi ṣúgà sí ọ̀rọ̀ kí ó tó gbé e kalẹ̀, ṣùgbọ́n kíkorò rẹ̀ ṣì ń yọ. Ìyá Sarmad kò fẹ́ ọmọbìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ gbogbo gbọ̀ngàn ìgbéyàwó ní Rawalpindi, tí ó ń jẹun lórí ìdúró láàrin àwọn àjèjì. Ó ti gbà nítorí ọmọ rẹ̀, ó sì fi kún un pé bí wọ́n bá ti ti Khunjerab dé, Nayyara yóò gbé kámẹ́rà sílẹ̀, yóò jókòó sílé bí ìyàwó.

“Àǹtí, kí ni Sarmad sọ sí ìyẹn?” Nayyara béèrè.

Àǹtí Tasneem da tíì rẹ̀ sínú àwo kékeré, ó fẹ́ ẹ. “Kò sọ nǹkan kan. O mọ àwọn ọkùnrin wa níwájú ìyá wọn, gbogbo wọn ló ń di odi.”

Ọjọ́ ìdána pé. Sarmad kò sí níbẹ̀, bí ó ti yẹ. Àwọn obìnrin ẹbí rẹ̀ gbé làálì wá, wọ́n gbé ẹ̀gbà ọwọ́ onídíńgí wá àti adùn oníwàrà nínú páálí. Òrùka náà wà níbẹ̀; Àǹtí Tasneem ti rí sí i. Ìyá Sarmad fi í sí ìka Nayyara, ó fẹnu ko iwájú orí rẹ̀, ó sì tètè jókòó. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni Àǹtí gbé páálí kan jáde lábẹ́ ìborùn rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn ju ti ìyàwó lọ. Bọ́dì dúdú ńlá náà ni, ìbejì ti Sarmad. Sarmad ti lọ rà á láìbi Nayyara.

Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Ìyáàfin Farkhanda dúró títí àlejò fi lọ tán. “Ó ti fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní irinṣẹ́,” ó wí, ó sì wọ ilé ìdáná lọ.

Nayyara kò fọwọ́ kan kámẹ́rà náà títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ó gbé e, ó rí i pé Sarmad ti tò ó pátápátá: àwọ̀, aago, ìmọ́lẹ̀, ohun gbogbo rí bí ti kámẹ́rà tirẹ̀. Lẹ́ǹsì kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ń fi òróró sí irun rẹ̀, irun funfun náà já sílẹ̀ dé àárín ẹ̀yìn, oòrùn òwúrọ̀ sì wà lórí rẹ̀. Kò sí ọkùnrin tó rí irun yẹn láti ìgbà tí bàbá Nayyara ti kú. Nayyara gbé kámẹ́rà sójú, ó tẹ̀ ẹ́.

Àwòrán náà dára. Ó tẹ bọ́tìnnì tí ó máa ń fi àlàyé àwòrán hàn, kí ó lè mọ bí aago ṣe tọ́ sí. Aago tọ́. Lábẹ́ aago ni orúkọ ẹni tó ya àwòrán náà wà: Sarmad.

Ó mọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ kí ó tó parí kíkà rẹ̀. Gbogbo oníṣẹ́ tó ń lo kámẹ́rà méjì ló ń ṣe é: wọn a da ètò inú ọ̀kan kọ sínú èkejì, kí àwọ̀ àti aago wọn lè dọ́gba. Orúkọ ẹni tó ni ín máa ń bá ètò náà lọ. Ẹni tó bá rántí a máa yọ ọ́. Ìṣẹ́jú kan ni. Sarmad kò rántí.

Ìyá rẹ̀ béèrè bóyá fọ́tò náà dára. Nígbà tí kò gbọ́ èsì, ó dìde, ó gba kámẹ́rà, ó sún un mọ́ ojú, ó sún un jìnnà. Ó kà á.

“Èmi ló wà nínú fọ́tò,” ó wí jẹ́jẹ́. “Ìwọ lo yà á. Òun ló ni ín.”

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọjọ́ yẹn. Ìyẹn ló dun Nayyara jù.

Ó bẹ Àǹtí Tasneem kí ó gbé kámẹ́rà náà padà. Àǹtí kọ̀, ó ní ẹ̀bùn ìdána tó bá padà, ìdána fúnra rẹ̀ ló padà yẹn, òun kò sì ní fi ẹsẹ̀ òun rìn ín. Ohun tí òun lè ṣe ni kí òun mú ọmọkùnrin náà wá. Ó mú un wá ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Àǹtí jókòó sáàrin wọn ní yàrá àlejò, ó ń fi ọwọ́ ka tẹ̀sùbáà. Ìyáàfin Farkhanda wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé ilé ìdáná, wọ́n ń gbọ́ ìró ife, lẹ́yìn náà wọn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Sarmad wo àlàyé náà láìrí àwòrán; Nayyara ti fi ọwọ́ bo irun ìyá rẹ̀ lójú kámẹ́rà. Ojú ti ọmọkùnrin náà.

“Ètò tèmi ni mo dà kọ sínú rẹ̀,” ó wí. “Orúkọ ló tẹ̀ lé e. Mi ò ronú nípa rẹ̀ rárá, Nayyara. Gbé e wá, màá yọ ọ́ báyìí.”

“Mo mọ̀ pé o ò ronú nípa rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.”

Sarmad gbé orí sókè.

“Orúkọ ṣeé yọ,” Nayyara ń bá a lọ. “Ta ni yóò máa ṣí káàdì ní ìrọ̀lẹ́? Àwọn obìnrin tó máa jẹ́ kí n wọlé lójú ọ̀nà yẹn, ní Mastuj, ní Laspur, ojú tèmi ni wọ́n gbà láyè.”

“Mo máa jẹ́ ọkọ rẹ. Ṣé àjèjì ni mí?”

“Sí èmi, rárá. Sí àwọn, bẹ́ẹ̀ ni.”

“Mo ti ṣèlérí fún wọn ní Lahore. Wọ́n fẹ́ rí gbogbo ohun tí a bá yà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.”

“Èmi náà ti ṣèlérí. Tèmi ti pẹ́ ju tìẹ lọ.”

Àǹtí Tasneem gbójú kúrò lára tẹ̀sùbáà, ó ní nígbà tí àwọn wà léwe, ohun tí tọkọtaya ń bá ara wọn jà sí ni iyọ̀ inú ọbẹ̀, àwọn èwe òde òní ti wá ń jà sí káàdì tí kò tó èékánná. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Nayyara sọ ohun tó kù láìgbé ohùn sókè. Bí wọ́n bá jọ lọ, kámẹ́rà kékeré ti Alájì Ikram ni òun yóò mú, èyí tí káàdì rẹ̀ kò wọ ẹ̀rọ Sarmad. Òun nìkan ni yóò máa ṣí i. Ohun tí àwọn obìnrin náà bá fi ẹnu ara wọn yọ̀ǹda ni yóò dé Lahore. Bí wọn kò bá yọ̀ǹda nǹkan kan, nǹkan kan kò ní dé ibẹ̀.

“Wọ́n máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi,” Sarmad wí.

“Ó ṣeé ṣe.”

Sarmad ń fi àtàǹpàkò pa etí ife tíì tí kò mu. Lẹ́yìn náà ó kí ìyá Nayyara tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó kí Àǹtí rẹ̀, ó wọ bàtà, ó lọ.

Kò rán ẹnikẹ́ni wá. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lórí àwọn òkè, wọ́n ní ọ̀nà orí òkè Lowari tó wọ Chitral ti là. Nayyara ń lọ síbi iṣẹ́. Ní gbogbo ìgbéyàwó, bí ó bá dé ibi tí aṣọ méjì ti pàdé, ó máa ń kọjá kíákíá. Wọ́n sì ti rán ẹlòmíràn sí apá àwọn ọkùnrin. Ó yọ òrùka nígbà tó ń fọ aṣọ, ó gbàgbé láti fi í padà, ó tún fi í padà. Ìyá rẹ̀ rí gbogbo rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Nayyara ì bá fẹ́ kí ó sọ ọ́.

Ọjọ́ tí Àǹtí Tasneem padà wá, kò gba tíì. Ó jókòó sí etí àga, ó sì kọjú sí Ìyáàfin Farkhanda, kì í ṣe Nayyara.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó wí, “ọmọ náà ti lọ sí Lahore fúnra rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé òun kò lè ṣèlérí inú ilé fún wọn mọ́. Wọ́n ti yọ inú ilé kúrò nínú ìwé. Ojúde àti òrùlé nìkan ló kù, wọ́n sì gé iṣẹ́ náà kù. Kò sí ohun tó nílò obìnrin fún mọ́ lójú ọ̀nà yẹn. Ó ní kí n tún wá tọrọ.”

Ìyáàfin Farkhanda tún ìborùn rẹ̀ ṣe. “Ohun tí mo ní láti sọ ti tán,” ó wí. “Inú mi kò tíì dùn. Ṣùgbọ́n ó ti tán.”

Wọ́n so yìgì ní ilé, láìsí àgọ́, láìsí iná aláràbarà. Ìyá Sarmad wá, kò jẹun. Nayyara gbé bọ́dì ńlá àti lẹ́ǹsì rẹ̀ lọ fún Alájì Ikram, ó fi gba kékeré àti lẹ́ǹsì tirẹ̀. Alájì mi orí, ó bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá a lójú pé kò sí ohun kan tí kámẹ́rà méjèèjì yóò jọ máa lò. Ó ní ó dá òun lójú. Sarmad ti ń dúró dè é nísàlẹ̀; ó ní òun gbàgbé nǹkan kan, ó sáré gun àtẹ̀gùn lọ, ó sì padà láìsọ ohun tó jẹ́.

Ojú ọ̀nà kò mú ọ̀rọ̀ rọrùn. Sarmad ń ya òrùlé, ó ń ya ògiri òkúta, ó ń ya ọ̀pá igi tí wọ́n gbẹ́ ní ẹnu ọ̀nà. Nayyara ń wọlé sí ibi tí wọ́n bá pè é sí. Ní ìrọ̀lẹ́, Sarmad a ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní igun kan, òun náà a gbé káàdì rẹ̀ lọ sí igun kejì. Sarmad kò béèrè nǹkan kan rí. Ó jẹ́ ọmọlúàbí sí i, ó ń gbé ẹrù fún un, ó ń bá a wá búrẹ́dì gbígbóná, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dínkù. Nayyara bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ọkùnrin náà ti san ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ, yóò sì máa rántí rẹ̀ títí ayé. Aṣọ àgọ́ ti tún bọ́ sáàrin wọn, òun fúnra rẹ̀ ló sì ta á.

Ní àfonífojì Laspur, ṣáájú òkè Shandur, òtútù tó yẹ kí ó ti lọ padà dé. Yìnyín bọ́, iná mànàmáná sì kú ní gbogbo abúlé náà. Ìgbéyàwó wà ní ilé tí wọ́n dé sí. Àwọn obìnrin ti gbọ́ láti Mastuj pé ayàwòrán kan ń bọ̀ tí ọkọ rẹ̀ pàápàá kì í rí káàdì rẹ̀, wọ́n sì fà á wọlé lọ́wọ́. Sarmad dúró sójúde pẹ̀lú àwọn ọkùnrin.

Nayyara ya ìyá ìyàwó, ó ya àwọn àbúrò tó ń di irun ìyàwó. Bátìrì àkọ́kọ́ kú, òtútù ti jẹ ẹ́. Ó fi èkejì sí i. Òun náà kú kí ìyàwó tó dìde. Ìyá ìyàwó wò ó, ó sì ń lọ sí ẹnu ọ̀nà láti béèrè lọ́wọ́ ọkọ Nayyara. Nayyara ní kí ó má ṣe ìyọnu, ti ọkọ òun kò wọ tòun. Bí ó ṣe ń sọ ọ́, ó gbọ́ ohùn Sarmad ní Saddar: bí ọ̀kan bá kú, a ó máa fi tirẹ̀ bọ́ èkejì. Òtítọ́ ni ó sọ lọ́jọ́ náà. Omi lé sí i lójú níwájú àwọn àjèjì, ó sì yíjú sí ògiri.

Ìyá ìyàwó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ti sọ ọ́.

Ọwọ́ kan yọ láàrin aṣọ ìkélé. Àpá iná wà lẹ́yìn àtàǹpàkò rẹ̀. Bátìrì méjì wà nínú àtẹ́lẹwọ́ náà, kékeré, irú ti kámẹ́rà rẹ̀ gan-an. Nayyara gbà wọ́n. Wọ́n gbóná. Kò sí iná níta, kò sí ààrò. Abẹ́ ẹ̀wù ni wọ́n ti wá, lára àyà ènìyàn. Láti Saddar ni ó sì ti gbé wọn síbẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

“Wò ó bóyá ó bá tìẹ mu,” ni ohùn náà wí.

Ó fi ọ̀kan sí i. Kámẹ́rà jí. Ó kó àwọn tó ti kú sínú àtẹ́lẹwọ́ náà, ó sì fi ìka rẹ̀ lé àpá iná náà. Ọwọ́ náà pa dé mọ́ wọn. Kò yára lọ.

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin ń pè é pé ìyàwó ti ń dìde. Nayyara fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó gbé kámẹ́rà, ó sì yípadà sí wọn.